Orúkọ Tó Wà Lára Òpó

"Bàbá, ẹ gbé iná yẹn súnmọ́ mi."

Ohùn Makrine ti yí padà. Bàbá Sozar gbé àtùpà sókè, ó sì tẹ̀ lé ohùn náà, nítorí pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

"Kí ló dé? Ṣé òrùlé tún ti ń jò ni?"

"Kì í ṣe òrùlé."

Ara òpó náà ti funfun. Níbi tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn wà láti ayébáyé, ní ìwọ̀n àyà ènìyàn, ẹnì kan ti fá a kanlẹ̀ bí orí ọmọ tuntun. Ìyẹ̀fun òkúta ṣì wà lẹ́sẹ̀ òpó. Makrine tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun funfun pé oṣù kan kó tó dúdú. Èyí ṣì funfun báláú. Nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ ọmọ òun ní ìlú Zugdidi ni wọ́n ṣe é.

"Wọ́n ti fá orúkọ náà dànù," ó wí.

"Orúkọ wo?"

"Ti Vahram."

Bàbá Sozar na ọwọ́ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta náà, ó sì yára fa ọwọ́ padà bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Ní ìgbà ìrúwé ni ọ̀rọ̀ Vahram bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nutsa wá láti Tbilisi, olú-ìlú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kúnlẹ̀, tó fi nàró, tó fi dọ̀bálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Olórí Áńgẹ́lì tó wà ní Mukhvari, abúlé wa tí yìnyín máa ń tì pa fún oṣù mẹ́fà nínú ọdún. Makrine rò pé orí ọmọ náà kò pé. Ní ọjọ́ kẹta ni Nutsa dúró níwájú òpó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́?"

"Ọ̀ṣọ́ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń nù ún ní gbogbo Àjíǹde."

"Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, mà. Lẹ́tà àwọn ará Àméníà ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, 'Èmi Vahram ni mo kọ́ ilé yìí. Ẹ rántí mi.'"

Lẹ́yìn náà ló fa Makrine lọ síbi ilẹ̀kùn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà òkúta tó yí ilẹ̀kùn náà po, èyí tó ga sókè tó tún wálẹ̀, tó tún lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ìwé Lárúbáwá ni, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Vahram ti rí irú rẹ̀ ní ìlú àwọn Mùsùlùmí, bóyá lára abọ́ idẹ tàbí lára aṣọ, ó dára lójú rẹ̀, ló bá gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀kùn Jésù po. Ó ní bí àwọn Gíríìkì ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣe kun àwọn ẹni mímọ́ tó wà lára ògiri, àwọn Svan, ẹ̀yà tiwa, ló sì kó gbogbo òkúta náà gun òkè, wọ́n sì fún ṣọ́ọ̀ṣì náà ní òrùlé tó dà bí ti ilé wọn kí yìnyín má baà wó o.

Nígbà tí Bàbá Sozar gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. "Ẹ wò ó o, gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, orí òkè kan tàbí òmíràn ló gbà wá. Òtútù nìkan ló jẹ́ tiwa."

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa àfi tí àwọn ilé méjì tó ni kọ́kọ́rọ́ bá fọwọ́ sí i. Makrine àti Bàbá Sozar ní kí Nutsa má tíì ya nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i pé kó padà wá lóṣù kẹsàn-án pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ya òpó náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nutsa bẹ̀ wọ́n pé títí di ọjọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe jáde. Makrine ṣe ìlérí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, Murzaqan àbúrò rẹ̀, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ni.

Òní sì ni ọjọ́ tí Nutsa ń bọ̀.

"Bàbá," Makrine wí, "àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí. Ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tèmi. Báwo ni ẹni náà ṣe wọlé?"

Arúgbó náà gbé àtùpà sílẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Murza, àbúrò rẹ, wá bá mi. Ó ní o pè é láti Zugdidi. Ó ní o fẹ́ kí òpó náà mọ́ kí àwọn àlejò tó dé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo mú tèmi jáde. Mo jókòó síta sínú oòrùn. Mo sì ń gbọ́ ìró irin o, Makrine! Mo sọ lọ́kàn mi pé, ṣé irin ni wọ́n fi ń nu nǹkan báyìí?"

"N kò pe Murza."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọjá afárá tó wà nísàlẹ̀ abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ọmọ Makrine bímọ ọkùnrin ní Zugdidi, tí wọ́n ní kí ìyá wá bá a tọ́ ọmọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di dandan kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn. Ta ni ì bá tún fún? Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí a kò lè yí: ohunkóhun tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì bá ṣílẹ̀kùn fún, ilé méjèèjì ló ṣe é. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀.

Ó gbé àtùpà náà fúnra rẹ̀, ó sún un mọ́ òkúta. Irin eléyín ni wọ́n fi fá a. Ìlà mẹ́rin ló kọ́kọ́ sáré wálẹ̀, lẹ́yìn náà àlàfo kan, lẹ́yìn náà ìlà méjì. Mẹ́rin, àlàfo, méjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Agbẹ́kúta ni bàbá wọn. Irin bàbá wọn ní eyín méje, ọ̀kan sì kán lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ afárá, baba náà kò sì pọ́n ọn rí títí ó fi kú. Irin náà wà lára ògiri ní ilé àlejò Murzaqan báyìí, àwọn òyìnbó a máa fọwọ́ kàn án, wọn a máa ya á ní fọ́tò.

Títí di ìgbà yẹn, Makrine ṣì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé bóyá òṣìṣẹ́ kan ni Murza rán, pé bóyá òṣìṣẹ́ náà ṣi iṣẹ́ ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn lọ sí odò, tí òun bu oúnjẹ tòun fún lọ́dún tí ebi mú, ló fi irin bàbá wọn parọ́ mọ́ òun.

"Ẹ̀yìnkùlé l'ọ̀tá wà," Bàbá Sozar wí jẹ́jẹ́, "inú ilé l'aṣeni ń gbé. Dìde, ọmọ mi. Lọ bá a kí àwọn àlejò tó dé."

Tsiala, ìyàwó Murzaqan, ń po ìyẹ̀fun kubdari, búrẹ́dì ẹlẹ́ran, nílé ìdáná, ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sì wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ olóòórùn dídùn tiwa. Bó ṣe rí ojú Makrine, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sáré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀! Ìyá ìkókó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó jọ wá? Ẹ jókòó, mo ń ṣe ti ẹran, èyí tí ẹ fẹ́ràn."

"Ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mu tíì."

"Ìwọ náà mọ̀."

Tsiala tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun tó ń pò. "Mo sọ fún un pé kó má ṣe é. Ẹ bi í. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì."

Murzaqan ń la igi lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sanra, ó lọ́yàyà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ó ju àáké sílẹ̀, ó sì la apá méjèèjì.

"Ìyá àgbà! Ẹ̀gbọ́n mi ti di ìyá àgbà!"

"Irin bàbá wa dà?"

Apá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó wà lára ògiri. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun tí ìwọ fi ṣe ni kí o kọ́kọ́ sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta yẹn ti jẹrà. Ó ń ṣí lọ́wọ́. Mo kàn tún ojú rẹ̀ ṣe."

"Murza, èmi náà ọmọ agbẹ́kúta ni. Má ṣe fi mí ṣe àlejò."

Murzaqan wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lédè mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́ sí i pé: ILÉ ÀLEJÒ ÀWỌN ỌMỌ ẸNI TÓ KỌ́ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ.

"Ẹ kà á. Ta ló sọ fún wa pé baba-ńlá wa ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà? Bàbá wa ni. Ta ló sọ fún bàbá? Bàbá tirẹ̀ ni. Kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ fi wà nílé wa? Ìdí rẹ̀ nìyẹn! Lójijì, ọmọ kékeré kan dé láti Tbilisi, ó ní ará Àméníà kan ló kọ́ ọ. Kí la wá jẹ́, Ẹ̀gbọ́n? Kí ni kí n wí fún àwọn èèyàn? Lọ́la wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe tiwa mọ́."

"Ta ló máa ní bẹ́ẹ̀? Vahram? Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti kú. Ṣé yóò dìde ni, kó wá ru ṣọ́ọ̀ṣì náà lórí?"

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"N kò rẹ́rìn-ín o. Orúkọ tìrẹ gan-an, níbo ló ti wá? Àwọn Mùsùlùmí ẹ̀yìn òkè, tí baba-ńlá wa ń bá ra ẹṣin, ló fún wa ní Murzaqan. Ṣé kí n lọ mú irin wá kí n fá ìwọ náà?"

Tsiala, tó ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ oníyẹ̀fun bo ẹnu. Murzaqan kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti sọ tẹnu yín," ó wí. "Ó ti ṣẹlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yín ló ṣí i. Àwọn àlejò yẹn máa bèèrè, àwọn ará abúlé máa bèèrè. Màá sọ pé òkúta jẹrà, màá sì búra níwájú àwòrán Olórí Áńgẹ́lì. Ẹ̀yin náà máa fi ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ọ̀rọ̀ á sì tán."

"O fẹ́ kí n búra èké?"

"Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ẹ̀gbọ́n mi."

Makrine kò mọ ìgbà tó jáde níbẹ̀. Ohun tó ń rò lójú ọ̀nà kì í ṣe òkúta mọ́. Ìbúra èké níwájú àwòrán yẹn kì í pa ẹni tó bú u. Ọmọ tó kéré jù nínú ẹbí ló máa ń mú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń dán an wò. Ọmọ tó kéré jù nínú ẹbí wọn sì wà ní Zugdidi, ó pé ogún ọjọ́ lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́ kó tó wọ mọ́tò lánàá. Murza mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè dá a lábàá.

Ọ̀sán ti pọ́n kí jíìpù Nutsa tó gòkè dé. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n gbé àpótí kámẹ́rà, ó dì mọ́ Makrine, ó sì sáré wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì bí ọmọ tó ń lọ wo ẹ̀bùn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó jókòó sórí koríko, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti ṣí.

"Ìyá," ó wí, "kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ọmọ mi, kì í ṣe èmi."

"Ẹ̀yin méjì péré lẹ mọ̀. Mo fi yín sílẹ̀ láìya fọ́tò kan ṣoṣo, torí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Mo bọ̀wọ̀ fún un. N kò jí fọ́tò yà, mà! Gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ mi ló pè mí ní òmùgọ̀, mo ní rárá, ìyá yẹn kò lè dà mí."

Wọ́n da Makrine, òun náà sì ti da ọmọ yìí. Ìlérí ló ṣe, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, bí ogún ènìyàn ló ti wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, Murzaqan náà dé, ó ti wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ síbi ìsìnkú. Bàbá Sozar gbé àwòrán Olórí Áńgẹ́lì jáde fúnra rẹ̀, fàdákà ara rẹ̀ ti dúdú létí, ó sì gbé e lé orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ igi.

"Kọ́kọ́rọ́ mi wà nínú rẹ̀," ó wí ketekete. "Mo ti dàgbà, mo sì gbọ́n bí ewúrẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ilé kejì. Ta ló fi irin kan òpó yẹn?"

"Èmi ni," Murzaqan dáhùn, ohùn rẹ̀ sì le. "Òkúta ti jẹrà, mo tún un ṣe. N kò rí lẹ́tà, n kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbà, màá búra."

"Ìwọ kọ́ lo ni kọ́kọ́rọ́," Bàbá Sozar wí. "Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un. Makrine?"

Gbogbo ojú yí sí i. Murzaqan wò ó, ojú náà kì í ṣe ti ọkùnrin tó ń pa àlejò lẹ́rìn-ín mọ́. Ojú ọmọ tó já abọ́ fọ́, tó ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun sọ fún ìyá pé ológbò ni, ló rí níbẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Makrine ti sọ pé ológbò ni. Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, èyí ló burú jù.

Ó rìn lọ síwájú. Murzaqan mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ gbé e lé fàdákà. Makrine di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má búra."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo ní o kò ní í búra. O ní ọmọ mẹ́ta. Mo ní ọmọ-ọmọ kan tó pé ogún ọjọ́." Ó yíjú sí àwọn èèyàn, kò sì tú ọwọ́ náà sílẹ̀. "Orúkọ wà lára òpó náà. Nutsa kà á sí mi létí. Vahram ni orúkọ náà, ará Àméníà, òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Kì í ṣe baba-ńlá wa. Èmi ni mo gbé àṣírí náà fún Murza, èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, òun ló sì fi irin bàbá wa fá a. Ẹni tó bá fẹ́ wo àpá eyín tó kán, kó wọlé lọ wò ó."

Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Wọ́n mọ irin náà, baba náà ti fi í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilé wọn.

Murzaqan fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "O ta mí," ó wí. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pe Makrine ní 'o' rí. "O ta mí níwájú abúlé nítorí òkú àjèjì kan. N kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ó yí padà, ó sì ń lọ sílé. Tsiala dúró díẹ̀, ó wo Makrine bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá di ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mú níwájú àwòrán mímọ́ kì í jókòó sídìí iná kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ títí ọ̀kan yóò fi sin èkejì. Makrine mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó na ọwọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún láìnu ojú, kò sì sí ẹni tó wá dì í mú.

Ìgbà tí àwọn èèyàn ń tú ká ni Nutsa dìde lórí koríko. Ó wá dúró ti Makrine, ó sì mú ìwé kan jáde nínú àpò.

"Mà, lẹ́tà ti lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin àti Bàbá bá jẹ́rìí sí i pé mo kà á, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ ọ́. Kọ Vahram. Kọ ẹni tó pa á rẹ́ náà."

Nutsa kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. "Murzaqan. Ṣé kí n fi orúkọ ìdílé sí i? Mo lè fi í sílẹ̀, mà. Kò sí ẹni tó máa bi mí."

Makrine wo ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí èéfín ti ń jáde lórí ilé àbúrò rẹ̀.

"Tsorviani ni," ó wí. "Kọ ọ́ kó hàn dáadáa. Orúkọ tèmi náà ni."